Ẹ̀yin ará Arizona, níbo gan-an ni omi tí à ń lò níbí ti ń wá?

AdukeMesa
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù kẹta rèé tí mo kó dé Mesa láti Houston, iṣẹ́ ló gbé mi wá. Nǹkan tí mo rí lóru àná ni mi ò lè pa mọ́ra. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni mo ti ibi iṣẹ́ dé, ni mo bá rí i tí omi ti kún àgbàlá aládùúgbò mi dé ọrùn ẹsẹ̀, koríko ò hàn mọ́, ṣe ló ń dán bíi dígí lábẹ́ iná. Mo rò pé páìpù ló bẹ́. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn, àfi bí bàbá òyìnbó náà ṣe yọ láti ẹ̀yìn ilé, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ní kò sí wàhálà, òun lòun ṣí i, pé òun ló kàn lóru òní. Ó kàn án báwo? Ó ní omi tí wọ́n fi ń bomi rin ilẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ló ń dé àdúgbò yìí, olúkúlùkù ló ní wákàtí tiẹ̀.

Ẹ gbà mí. Òjò ò tíì kán rárá látìgbà tí mo dé ibí, tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án ó dà bí ìgbà téèyàn ṣí ààrò búrẹ́dì, ẹnì kan wá ń da omi sí koríko bíi pé ìrẹsì ló gbìn. Níbo lomi yìí ti ń wá? Ta ló ń pín in? Ìkejì, kẹ́tùlù mi ti funfun nínú bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, ṣé omi yẹn ṣeé mu ṣá?

TokunboTempe
Ẹ káàbọ̀ sílùú oòrùn, àǹtí mi. Ohun tó ṣẹ̀rù bà yín yẹn ṣẹ̀rù ba èmi náà lọ́dún tí mo dé, 2009, tèmi tiẹ̀ burú torí ṣe ni mo lọ jí lándìlọ́ọ̀dù 😂

Omi tí bàbá yẹn ṣí kì í ṣe omi ẹ̀rọ o, kò sí ohun tó kàn án kan èyí tó ń jáde ní kíṣìnì yín. Omi odò Salt àti odò Verde ni, inú kánáàlì ló ń gbà wá bó ṣe wà, wọn ò tún un ṣe. Kí gbogbo ibí yìí tó di ìlú, oko ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ jà wọ́n nígbà kan débi tí nǹkan fi bà jẹ́, ni àwọn àgbẹ̀ bá kó ara wọn jọ ní 1903, wọ́n fi ilẹ̀ wọn dógò, ó lé ní 200,000 éékà, kí ìjọba àpapọ̀ lè yá wọn lówó láti kọ́ ìsédò Roosevelt. 1911 ni wọ́n parí ẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò nígbà yẹn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí omi yẹn títí dòní olónìí, bí wọ́n tiẹ̀ ti kọ́lé kún orí ẹ̀. Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa rí àdúgbò kan tí koríko tutù yọ̀yọ̀, tí igi ọsàn ń so, ẹ wá sọdá títì kan péré, òkúta wẹ́wẹ́ àti igi ẹlẹ́gùn-ún ló kù. Kì í ṣe pé àwọn tọ̀hún lówó ju àwọn tìhín lọ o, ìwé ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹni tó ń lọ ṣí géètì kánáàlì fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, zanjero ni wọ́n ń pè é, èdè Sípéènì ni. Tí wákàtí tìẹ bá bọ́ sí aago méjì òru, aago méjì òru ni wàá dìde, tó o bá sùn gbàgbé, omi ẹ ti kọjá lọ sílé ẹlòmíì nìyẹn.

Kánáàlì yẹn gan-an, òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ gbẹ́ irú ẹ̀ síbí. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Hohokam ti fi igi àti òkúta gbẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì kánáàlì sínú ilẹ̀ yìí láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n fi í ṣọ̀gbìn títí di bíi 1450 kí wọ́n tó fibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé lẹ́yìn 1860, ojú ibi tí àwọn yẹn gbẹ́ sí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún kó erùpẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ìlú ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, Phoenix, ẹyẹ tó jóná tó tún dìde látinú eérú.

OmoMokola
Ẹ jẹ́ n dá sí i bó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní físà. Èmi ọmọ Mọ́kọ́lá yìí, òjò rọ̀ lánàá títí adìyẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́, láàárọ̀ yìí mo ra kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke. Ẹ̀rọ tó wà níwájú ilé wa, èémí ló ń mí jáde tẹ́ ẹ bá ṣí i. Òjò Ìbàdàn lọ́dún kan lé ní mìlímítà 1,200. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ti Phoenix wò báyìí, kò tó 200. Ẹ wá sọ fún mi, nínú àwa àti ẹ̀yin, ta ló ń gbé aṣálẹ̀?

AdukeMesa
OmoMokola ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, mo wà níbi iṣẹ́ 😂😂 Bọ̀dá Tokunbo ẹ ṣé gan-an. Èyí tó ń jáde ní kíṣìnì wá ńkọ́?

TokunboTempe
Ó papọ̀ ni. Díẹ̀ nínú ẹ̀ ti odò Salt àti Verde kan náà wá, díẹ̀ láti kànga abẹ́ ilẹ̀, èyí tó kù jẹ́ ti odò Colorado. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá wọn ò dà á nù, wọ́n máa ń tún un ṣe, iléeṣẹ́ iná náńkílíà Palo Verde tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Phoenix, omi ṣáláńgá tí wọ́n ti tún ṣe ló fi ń tutù, kò sí odò ńlá kankan nítòsí ẹ̀. Ní ti Colorado, ẹ jẹ́ kí AlágbàYuma sọ ọ́, àwọn ló ń wakọ̀ gba ibẹ̀.

AlagbaYuma
Ẹ ṣeun ọmọ mi. Trélà oní-fíríìjì ni mo ń wà, ọdún kẹrìndínlógún rèé, mo mọ odò yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyàwó.

Yìnyín ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Àwọn òkè Rocky lókè lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Colorado, yìnyín tó bá já sórí wọn nígbà òtútù máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tí oòrùn bá ti mú, á wá máa ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀, nǹkan bíi máìlì 1,450. Ìpínlẹ̀ méje ló ń pín in, Mẹ́síkò ṣìkẹjọ, àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé náà ní ti wọn nínú ẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 èèyàn ló ń lò ó. Wọ́n wá fi ìsédò Hoover sé e, tí wọ́n ṣí ní 1935, ibẹ̀ ni adágún Mead wà. Lókè ẹ̀, wọ́n tún sé e ní Glen Canyon, adágún Powell nìyẹn.

Ṣùgbọ́n odò yẹn ò gba Phoenix kọjá o, ó jìnnà síbẹ̀. Láti adágún Havasu ni wọ́n ti ń fà á, kánáàlì 336 máìlì títí dé ìsàlẹ̀ Tucson. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, Phoenix àti Tucson ga ju odò lọ. Ìyẹn ni pé omi yẹn ń gun òkè! Pọ́ńpù ló ń gbé e sókè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà kó tó dé ìparí ẹ̀. Àwa nílé, a mọ̀ pé odò kì í ṣàn gòkè, àwọn wọ̀nyí fi iná mànàmáná tì í lẹ́yìn. Títí di 2019, iléeṣẹ́ iná kan tó ń jó èédú lórí ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Navajo ló ń fún pọ́ńpù yẹn níná. 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, omi dé Phoenix ní 1985. Tẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, iyanrìn lápá ọ̀tún iyanrìn lápá òsì, omi aláwọ̀ ewé gbọọrọ láàárín, wáyà yí i ká, kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n dúró.

DamiChandler
Gbogbo eléyìí dáa ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìwà àpà ni. Àdúgbò tèmi, ilé mẹ́wàá, mẹ́fà ló ní súwímínì pùùlù. Ẹ wá lọ wo Las Vegas, omi ń fò lókè bí eré níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n wá ń pariwo pé odò ń gbẹ. Àwọn Vegas yẹn ló ń pa wá.

AjokeVegas
Mo mọ̀ pé ẹ máa débẹ̀ 🙄. DamiChandler, ẹ jókòó.

Nevada lápapọ̀, ìpínlẹ̀ tí Vegas wà, acre-foot 300,000 ni wọ́n pín fún un lọ́dún. (Acre-foot ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, omi tó bo éékà kan mọ́lẹ̀ kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, gálọ́ọ̀nù 325,851.) Ẹ̀yin Arizona gba mílíọ̀nù 2.8, California gba mílíọ̀nù 4.4. Nínú ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún wa yẹn náà, omi tá a bá fi wẹ̀, tá a fi fọṣọ, tá a fi ṣan ìgbẹ́, tó ṣáà ti gba kòtò ilé jáde, wọ́n máa tún un ṣe, wọ́n á dá a padà sínú adágún Mead, wọ́n á tún fà á. Èyí téèyàn dà síta sórí koríko nìkan ló ń lọ tí kì í padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin ní 2021 pé koríko tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀, tó kàn wà fún ẹwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àti níwájú ọ́fíìsì, kò gbọ́dọ̀ rí omi odò Colorado mọ́ lẹ́yìn ìparí 2026. Omi tẹ́ ẹ rí tó ń jó níwájú hòtẹ́ẹ̀lì Bellagio yẹn pàápàá, omi kànga ni, kò ti Mead wá.

Ẹ má sì sọ fún èmi pé odò ń gbẹ, mo fojú mi rí i. A lọ sí Mead ní oṣù keje 2022, àtòkè àpáta wá sísàlẹ̀ funfun báláú, bí ara ìkòkò tí wọ́n fi gbọ́n ẹ̀kọ tán. Omi ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,040 ẹsẹ̀ bàtà lókè ojú òkun, kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń kún un láwọn ọdún 1930. Ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ ti di ẹrẹ̀ gbígbẹ tó là pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n rí òkú èèyàn nínú àgbá, tí ìbọn ti pa láti ọdún gbọ́ọ́rọ́, omi ló bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, funfun tó wà lára àpáta yẹn àti èyí tó wà nínú kẹ́tùlù yín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Èròjà inú òkúta ni odò ń gbé bọ̀ lójú ọ̀nà. Kò ní pa yín. Ẹ da fínígà sí i kó hó, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣàn án nù.

AdukeMesa
Ọlọ́run ò, òkú nínú àgbá 😳 mo ti ra fínígà. Tí kì í bá ṣe Vegas, tí kì í ṣe pùùlù, ta wá ló ń mu omi yìí tán?

AlagbaYuma
Oko. Nínú gbogbo omi tí wọ́n ń yọ nínú odò yẹn lò, oko ló ń gba ohun tó ju ìdajì lọ dáadáa. Ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn, nǹkan tí mò ń fojú rí ni.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, tí New York ń dì gbagidi, tí ẹ bá jẹ sàláàdì ní Amẹ́ríkà yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Yuma ní Arizona níbí tàbí àfonífojì Imperial tó wà lódìkejì odò ní California ló ti wá. Mo máa ń débẹ̀ lóru láti wá gbé ẹrù. Iná ńlá ńlá máa ń tàn lóko bíi pápá bọ́ọ̀lù, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti sọdá bodè láti San Luis ní Mẹ́síkò ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́ á tẹ̀ ba tẹ̀lé ẹ̀rọ kan tó ń rọra rìn, ọ̀bẹ kan, gé, yí ewé ìta nù, sínú ọ̀rá, sínú páálí, ẹ ò ní rí i kó gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tí mo bá tẹlẹ̀ láàárín ebè, ẹrẹ̀ máa ń mú bàtà mi bíi ti fàdámà. Nínú aṣálẹ̀ o! Kò sí òjò níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, odò ni.

Lẹ́tùúsì tiẹ̀ kéré. Èyí tó ń mu omi jù ni koríko màlúù, alfalfa, torí tọdúntọdún ló ń hù lórí ilẹ̀ gbígbóná, wọ́n á gé e, á tún hù, wọ́n á gé e, á tún hù. Wàràkàṣì àti ẹran lẹ fi ń jẹ ẹ́.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe pín in. Ní 1922 àwọn ìpínlẹ̀ méje jókòó, wọ́n kọ ìwé: mílíọ̀nù 7.5 acre-foot fún àwọn tòkè, mílíọ̀nù 7.5 fún àwọn tìsàlẹ̀. 1944, wọ́n fún Mẹ́síkò ní mílíọ̀nù 1.5. Ẹ ro ó pọ̀, 16.5. Àṣé àwọn ọdún tí wọ́n fi wọn odò yẹn, ọdún tí omi pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ ni. Látìgbà tí 2000 ti wọlé, odò yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù 12 àti díẹ̀ lọ lọ́dún. Ó dà bí ìdílé tó jókòó pín ilẹ̀ bàbá wọn, tí àgbà kan wá wọn ilẹ̀ yẹn lẹ́yìn ìsìnkú, ó kéré sí iye tí wọ́n pín, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ yọ nínú tiẹ̀.

Òfin ibí sì ni pé ẹni tó kọ́kọ́ débi omi tó kọ́kọ́ lò ó, òun ló ń mu ṣáájú, ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gé tí kò bá tó. Àwọn àgbẹ̀ Imperial ti débẹ̀ láti bí ọdún 1900, àwọn nìkan lẹ́tọ̀ọ́ sí mílíọ̀nù 3.1, ó ju ti Arizona lódindi lọ! Kánáàlì Phoenix yẹn ńkọ́? 1968 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i, California ní àwọn ò ní gbà àfi tí Arizona bá gbà pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé lọ́jọ́ tí kò bá tó. Arizona gbà. Ọjọ́ yẹn dé, 2022: wọ́n gé 512,000 acre-foot lára Arizona, California ò pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn àgbẹ̀ àárín ìpínlẹ̀ wa níbí, ní Pinal, ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà ẹ̀, àwọn míì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán.

DamiChandler
Bàbá mo túúbá o, mi ò ní sọ̀rọ̀ pùùlù mọ́ 🙇🏾 Ṣùgbọ́n koríko màlúù yẹn, ṣé ẹ rántí ti iléeṣẹ́ àwọn Saudi? Ìjọba Saudi ní kí wọ́n yéé fi omi àwọn gbin irú koríko yẹn nílé, wọ́n bá wá háyà ilẹ̀ ìjọba Arizona, wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń gbin ín, wọ́n ń kó o sọ́kọ̀ lọ fún màlúù wọn. Òfin ò ní kí wọ́n wọn omi tí wọ́n ń fà lápá ibẹ̀. Oṣù kẹwàá 2023 ni gómìnà Katie Hobbs tó kéde pé òun ń gba àwọn ilẹ̀ náà padà. Omi ni wọ́n ń kó rèlú wọn, wọ́n kàn fi koríko wé e ni.

IyaIbejiTucson
Gbogbo yín ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin ò sì tíì dárúkọ àwọn tó kọ́kọ́ dé. Odò Gila, tó ń ṣàn gba gúúsù Phoenix, àwọn Akimel O'odham ló ń fi í dáko kí òyìnbó tó mọ̀nà. Orúkọ wọn gan-an, èèyàn odò ló túmọ̀ sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1800, àwọn tó wá tẹ̀dó sókè odò yà á gbẹ pátápátá, ebi pa àwọn èèyàn yẹn. 2004 ni òfin tó dá 653,500 acre-foot lọ́dún padà fún wọn. Ní báyìí, tí àwọn ìlú ńlá bá ń wá omi rà, wọ́n ń lọ bá wọn.

Àwọn Navajo ò rí irú ẹ̀ ní Arizona níbí. Mo ṣe nọ́ọ̀sì àrìnrìn-àjò fóṣù mẹ́ta ní Tuba City. Nínú ilé mẹ́ta mẹ́ta lórílẹ̀ wọn, bí ẹyọ kan ni ò ní omi ẹ̀rọ. Ìyá àgbà kan mú mi délé ẹ̀, táńkì kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ pickup ọmọ ẹ̀, ọmọ yẹn ló ń lọ pọn ọ́n wá. Abọ́ kan péré ló fi bu omi, ó fọ ọwọ́ sínú ẹ̀, ó fi omi yẹn kan náà fọ abọ́, ó wá gbé e jáde lọ dà sídìí àgbàdo. Ìyá màmá mi ní Ìgbẹ́tì ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn Navajo gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n wá bí àwọn ṣe máa rí omi, oṣù kẹfà 2023 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n pàdánù.

OmoMokola
Ìyá Ìbejì ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan: ṣé wọ́n máa ń ra omi táńkà níbẹ̀ rárá, àbí àwa nìkan ni Ọlọ́run yàn?

TokunboTempe
😂 Ẹ gbọ́, Rio Verde Foothills, ìtòsí Scottsdale níbí, ilé olówó ńlá, àwọn kan ní ẹṣin. Omi táńkà ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé níbẹ̀ ń lò. Òfin Arizona ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀sítéètì lágbègbè ìlú ńlá gbọ́dọ̀ fi hàn pé omi ọgọ́rùn-ún ọdún wà fún un, ṣùgbọ́n tó o bá pín ilẹ̀ náà sí márùn-ún péré, òfin ò bá ẹ wí. Wọ́n pín in lẹ́ẹ̀márùn-ún lẹ́ẹ̀márùn-ún títí ó fi di àdúgbò. Scottsdale ni àwọn táńkà ti ń bu omi. Ọjọ́ kìíní ọdún 2023, Scottsdale ti ẹ̀rọ pa, wọ́n ní omi tàwọn náà ń dínkù. Olówó bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ ìwé jẹun kí wọ́n má bàa fọ àwo, àwọn míì ń gbé bókẹ́ẹ̀tì síta torí òjò, omi yẹn ni wọ́n fi ń ṣan ilé ìgbẹ́.

OmoMokola
Ah! Kí wọ́n pè mí, màá wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi bókẹ́ẹ̀tì kan wẹ ọmọ mẹ́rin. Físà oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí wọ́n fún mi 😂

AdukeMesa
Mo padà wá o, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, lóru àná ó ní kí n wá wò ó. Irin róbótó kan ló wà nílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àgbàlá, ó ní kí n yí i. Mo yí i, kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan, nígbà tó yá mo gbọ́ ọ tó ń kùn nísàlẹ̀, omi bá yọ, ó tutù, ó ń rùn bí odò gan-an, ewé àti ẹja tín-ń-tín kan wà nínú ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ẹyẹ dúdú onírù gígùn ti kún orí omi, wọ́n ń ṣa ekòló jẹ. Wákàtí tiwa wà ní agogo kan àbọ̀, àṣé ilé tí mo háyà náà ní ìwé yẹn, lándìlọ́ọ̀dù ni kò lò ó láti bí ọdún mẹ́rin.

Kẹ́tùlù ti mọ́. Mo fẹ́ gbin ewédú sẹ́yìn ilé báyìí, màmá mi fi èso ránṣẹ́, mo ti gbìn ín lẹ́ẹ̀kan kò hù rárá. Ṣé omi ibí ni?

IyaIbejiTucson
Omi kọ́. Èèpo ẹ̀ ló le. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ fà á jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Ooru ibí á bá yín ṣe èyí tó kù. Tó bá ti hù, mo ń bọ̀ ní Mesa wá já tèmi.